Ọwọ́ Tí Kì í Ṣe Ọwọ́ Màmá Rẹ

Dutse Alhaji,
Àbújá.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ìbídùn ọmọ mi,

Òkun o, bí àwa ará Kabba ṣe ń kí ara wa. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ pé ara mi le, pé mo sì ń gbàdúrà kí tìrẹ náà le, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nílé ìwé ní Kabba. Ara mi le lóòótọ́. Ọkàn mi ni kò le. Mi ò sì fẹ́ fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tó jẹ́ pé irọ́ ló mú mi jókòó kọ ọ́.

Nígbà tí o pè mí láti Kaduna lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí o ń pariwo pé wọ́n ti gbà ọ́ sí gálárì tí èmi fúnra mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, pé iṣẹ́ tí mo ṣe gan-an ni wọ́n fún ọ, láti máa mú àlejò yíká àwòrán àti láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní yíyà lọ́jọọjọ́ Sátidé, mo ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó san wá." Lẹ́yìn náà o ní, "Dádì, àwòrán Mọ́mì tí mo yà ní kékeré yẹn ni mo fi hàn wọ́n lórí fóònù mi. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹ bá mi mú un wá sí ibùdó rélùwéè ní Idu tí mo bá ń bọ̀, òun ni màá fi kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́." Mo pa fóònù. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ pé nẹ́tíwọ̀kì ló já. Nẹ́tíwọ̀kì kò já. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ tán.

Àwòrán yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, torí náà jẹ́ kí n ti ibòmíràn gbà dé ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà kì í yá ọ. Fara balẹ̀, kà á díẹ̀díẹ̀. Èdè tí mo fi ń bá màmá rẹ sọ̀rọ̀ nìyí. Mi ò lè fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ní gálárì jẹ́wọ́ fún ọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ báyìí, kò sì sí èyí tó ṣe é wọ̀ nínú wọn.

Ìkínní, má tan ara rẹ pé wàá máa ya àwòrán tìrẹ tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, orí mi sì le. Mo ní màá ṣe é fún ọdún méjì péré, lẹ́yìn náà màá ní yàrá ìyàwòrán tèmi. Ẹni tó bá ti dúró láti àárọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, tó bá délé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, àwòrán sì ti tán lójú rẹ̀. Oúnjẹ ló kù, àti oorun.

Àwọn èyí tí mo wá ń fipá yà, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ló ń rà wọ́n. O mọ àpáta Zuma, èyí tí wọ́n máa ń sọ pé ó lójú bí ènìyàn. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà, mo lọ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà Kaduna lásìkò òjò, mo yà á bí mo ṣe rí i, ìkùukùu bo ìdajì rẹ̀. Inú mi dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e fún màmá rẹ wò kó tó gbẹ, ọ̀dà sì ta sí i láṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé e lọ fún mánẹ́jà hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ó wò ó títí, ó ní, "Kai, Oga Painter, where the face? Zuma wey no get face, who go snap picture with am?" Mo gbé e padà sílé, mo ya ojú sí i. Ojú, imú, ẹnu, bí ẹni tó ń ya bàbá ẹnì kan. Ó rà á lọ́jọ́ kejì.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. A máa ń pa òwe yẹn láàárín àwa ayàwòrán, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ìbídùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Méje ló wà nínú yàrá mi báyìí tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kò wá gbé mọ́, gbogbo wọn ló lójú. Tí mo bá jí láàárọ̀, wọ́n á máa wò mí. Lọ́dún tó kọjá mo ní kí n ya àpáta náà láìsí ojú, fún ara mi nìkan, ọwọ́ mi kọ̀. Ojú yẹn ló ń wá fúnra rẹ̀. Torí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ní kí o ya ojú sí ohun tí kò lójú, ọjọ́ náà ni kí o bá wọn jà. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọwọ́ rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́.

Ìkejì ni ti àlejò. Má yára sọ̀rọ̀ níwájú àwòrán. Èmi yára. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ibi tí wọn yóò ti rẹ́rìn-ín, mo mọ ibi tí wọn yóò ti mi orí. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ni, ohùn Ìjẹ̀bú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ketekete. A dúró síwájú àwòrán obìnrin kan tó ń pọn omi, mo sì ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìyá náà jẹ́ kí n sọ tèmi tán, ó ní, "Ẹ ṣé o, Bùrọ̀dá. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, kí lẹ rí níbẹ̀?" Mo yíjú sí àwòrán náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwòrán yẹn, mi ò sì wò ó mọ́ láti ọdún kìíní. Mo ní, "Mà, obìnrin tó ń pọn omi ni." Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì bọ́ síwájú. Mi ò rí ìyá yẹn mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò rántí rẹ̀.

Ìkẹta, ra bàtà pẹlẹbẹ. Ilẹ̀ gálárì le ju bí o ṣe rò lọ, eékún mi jẹ́rìí sí i.

Mo mọ̀ pé mo ń sá fún ọ̀rọ̀. Ó tó. Jẹ́ kí n wí.

Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, a máa ń pàtẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ Sátidé fún àwọn òbí wọn. Ní ọdún kìíní, bí àwọn ọmọ ṣe yà á la ṣe gbé e kọ́. Àwọn òbí wò ó fìrí, wọ́n jẹ ṣinṣín, wọ́n mu míńírà, wọ́n lọ. Ìdajì àwọn ọmọ kò padà wá ní táàmù kejì. Màdáámù tó ni gálárì nígbà náà pe èmi àti olùkọ́ kejì sí ọ́fíìsì, ó ní, "Àwọn parents yìí ò wá síbí láti wá wo jágbajàgba o. Ẹ bá mi tún un ṣe small. Just finishing."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fíníṣìn la ń pè é. Tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. O mọ bí ọmọdé ṣe máa ń ya sánmọ̀. Á fi búlúù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sókè pátápátá, á fi àwọ̀ ewé fa ilẹ̀ sísàlẹ̀, àárín méjèèjì á funfun nítorí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lójú tirẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni. A ó fa sánmọ̀ náà wá sílẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Ilé tó bá wọ́, a ó nà án. Ènìyàn tí kò bá létí, a ó fi etí sí i. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju olùkọ́ kejì lọ. Mo lè fa ìlà bí ọmọ ọdún márùn-ún, mo lè fà á bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ojú òbí kankan kò lè mọ̀. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún mi, ibi tí mo ná an sí nìyẹn.

Òwe ni mo sì fi ń bo ara mi. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní ṣebí èmi ni àgbà, ṣebí orí tó wọ́ ni mò ń tún ṣe. Mi ò bi ara mi léèrè rí bóyá orí náà wọ́.

Àwọn òbí wá ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ mi!" Àwọn ọmọ fúnra wọn kì í pàtẹ́wọ́. Wọn á dúró síwájú àwòrán tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, wọn á máa wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé bàtà ẹlòmíràn fún. Mo rí i lójú ọmọ tó pọ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tó kàn ọ́.

Jikwoyi là ń gbé nígbà náà, bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ṣe tún fẹ́ máa gbé ibẹ̀ báyìí. Màmá rẹ ń ṣiṣẹ́ ní mínísìrì kan ní Sẹkitéríàtì. Àràárọ̀ ló ń dì ọ́ lọ́wọ́ mú sọdá títì tó lọ sí Karshi, kó tó mú ọ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, kí òun náà tó wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà kì í dúró fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní Sátidé kan tí mo mú ọ lọ bá àwọn ọmọ gálárì yà, olùkọ́ kejì ní kí ẹ ya ẹni tí ẹ fẹ́ràn. O ya màmá rẹ. Orí rẹ̀ kéré bí ọsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Ó gba ìdajì bébà. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú lo fi yà á, àwọn ìka rẹ̀ nípọn, ìwọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o di ìka kan mú ṣinṣin, o ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mọ́tò wà nísàlẹ̀, wọ́n kéré bí kòkòrò.

Mo wò ó, ojú tì mí. Mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ọmọ tèmi, ọmọ ayàwòrán, níwájú Màdáámù, níwájú gbogbo òbí. Mo mú ọ̀dà funfun, mo fi bo ọwọ́ náà, mo sì ya òmíràn lé e lórí, ọwọ́ tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ara, ìka márùn-ún gígùn, èékánná wà níbẹ̀. Mo na apá rẹ̀ díẹ̀ kó lè kàn ọ́. Ìbídùn, ọwọ́ tó dára ni. Bóyá òun ni ọwọ́ tó dára jù tí mo yà láyé mi.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, o dúró síwájú rẹ̀ nínú gáùn yẹ́lò rẹ. O yíjú sí mi, o ní, "Dádì, ta ló gé ọwọ́ Mọ́mì?"

Mo ní, "Ta ló gé kí ni? Ìwọ lo yà á bẹ́ẹ̀. Àbí o ti gbàgbé ni? Wò ó bó ṣe dára."

O wo ojú mi. O wo àwòrán. O tún wo ojú mi. Lẹ́yìn náà o ní, "Okay." Mo rí ìgbà tí o gbà mí gbọ́. Ó hàn lójú rẹ kedere, bí ẹni pa iná. Láti ọjọ́ náà lo ti ń fi rúlà yàwòrán.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sí Jikwoyi, o ti sùn lọ lórí itan màmá rẹ. Màmá rẹ tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Mi ò mọ̀ pé o ti fi ẹnu ya àwòrán náà fún un nílé kó tó rí i. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ṣé ọwọ́ mi tóbi jù fún yín ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí ó fi kú, kò sì sọ fún ọ. Ó bò mí láṣìírí, mo sì jẹ́ kó gbé e wọ ilẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí a gbé e lọ sin sí Kabba, àwòrán yẹn ni o gbé dání lẹ́yìn pósí. Àwọn ẹbí ń sọ pé, "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ya eléyìí? Ẹ wo ọwọ́, ọwọ́ gidi!" O ń dá wọn lóhùn pé ìwọ lo yà á. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo dúró sí. Mo lẹ́nu, mi ò lò ó. Àwòrán yẹn ló mú kí o lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì. Àwòrán yẹn ló gba iṣẹ́ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, o fẹ́ gbé e síwájú àwọn ọmọ ẹni ẹlẹ́ni kí o ní, "Mo ya èyí nígbà tí mo wà bíi yín," kí àwọn náà wo ọwọ́ wọn, kí wọ́n rí i pé kò tó.

Ó yẹ kí n ti sọ èyí fún ọ lórí fóònù. Ohun tí mo ṣe dípò rẹ̀ burú ju kí n dákẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo yọ ọ́ kúrò nínú férémù. Mo rò ó pé ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni, pé tèmi ló wà lókè, tìrẹ ló wà nísàlẹ̀. Tí mo bá fi òwú tútù nu tèmi kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ńlá yẹn á jáde, màá sì gbé e lé ọ lọ́wọ́ ní Idu láìsọ nǹkan kan. O rí i, títí di ọjọ́ Mọ́ńdè mo ṣì ń wá ọ̀nà tí mi ò fi ní sọ̀rọ̀. Tèmi kúrò lóòótọ́. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú rẹ yọ díẹ̀, mo rí orí ìka kan, mo pariwo nínú yàrá bí wèrè. Lẹ́yìn náà òun náà yọ́, ó bá òwú lọ. Mo dáwọ́ dúró, ó ti pẹ́ jù. Bébà náà ti bó, ó ti lu ní àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó kù níbẹ̀ báyìí ni màmá rẹ tí kò lọ́wọ́, àti ìwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o di nǹkan kan mú tí kò sí níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn tó kù kò pọ̀, mi ò sì mọ nọ́ńbà tó yẹ kí n fún un. Fi sánmọ̀ àwọn ọmọ sílẹ̀ lókè níbi tí wọ́n fi í sí. Wọn yóò ní kí o fà á wá sílẹ̀. Wọn yóò bẹ̀ ọ́, wọn yóò pè é ní nǹkan kékeré, lẹ́yìn náà wọn yóò bínú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé ọ. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé yóò dára, mi ò rí ẹni tó dára fún. Ọmọ mélòó ni mo ti fi rúlà lé lọ́wọ́, tí wọn kò ní bàbá tó máa kọ lẹ́tà sí wọn? Mi ò mọ orúkọ wọn mọ́. Tí mo bá rántí wọn, mo máa ń dìde láìmọ ibi tí mò ń lọ.

Màá wà ní Idu lọ́la tí rélùwéè bá dé. Màá gbé àwòrán náà àti lẹ́tà yìí fún ọ nínú àpò kan ṣoṣo. Má kà á níwájú mi, jọ̀wọ́. Wọ ọkọ̀ rẹ, máa lọ sí Jikwoyi. Tí o kò bá pè mí fún oṣù kan, mi ò ní bi ọ́ léèrè.

Lánàá, mo mú bébà tuntun, mo ní kí n ya ọwọ́ màmá rẹ fún ọ, ọwọ́ rẹ̀ gan-an, èyí tí mo dì mú fún ogún ọdún. Mo jókòó láti ìgbà tí mo jẹun àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa. Ìka márùn-ún gígùn ló jáde, èékánná wà níbẹ̀. Mo fà á ya, mo tún un yà, òun náà ló tún jáde. Èyí tí mo fi bo tìrẹ mọ́lẹ̀ nìkan ni mo rántí. Mo ti bá ara mi náà ṣe fíníṣìn.

Torí náà, tí o bá rò pé ó yẹ kí ọwọ́ kan wà níbẹ̀, ìwọ ni kí o yà á. Má bi mí léèrè bó ṣe tóbi tó. Ìwọ lo dì í mú sọdá títì.

Èmi bàbá rẹ ni, tó kọ èyí láì tún ibì kankan ṣe nínú rẹ̀.